Máńdólíìnì Ọdún 1996

Láyé ìgbà yẹn, bí ènìyàn bá fẹ́ ra máńdólíìnì àlòkù, ohun èlò orin olókùn tó dà bíi gìtá kékeré, ní àdúgbò Bab El Oued, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ti Belounis ni àbí ti ẹlòmíì?" Bó bá ní ti Belounis ni, wọ́n á tún bi í pé, "Ọdún wo?" Nítorí Ọ̀gá Hocine Belounis ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dún bákan náà. Àwọn olórin tí etí wọn mú a máa sọ pé ti àwọn ọdún àkọ́kọ́ kàn wúwo lásán ni, pé ti àárín ṣe é gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn bá yọjú wo inú ihò àyà rẹ̀ tó bá 1993 tàbí èyíkéyìí nínú àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e lára bébà tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, kó ta bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kó fi rà á.

Ohun tí etí wọn kò gbọ́ ni pé láti 1993 yẹn, Ọ̀gá Hocine kò gbẹ́ ohunkóhun mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Zoulikha ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti ń bá a fá igi láti kékeré, ló gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń pa ènìyàn bí ẹní pa adìyẹ nígboro ni, oníbàárà kankan kì í jókòó ní ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí díẹ̀ ni Zoulikha ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí bébà, tó ń fara wé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ inú ilé nìyí o," bàbá sọ fún un. "Ta ló máa ra máńdólíìnì tí obìnrin gbẹ́?"

Zoulikha kò jiyàn. Ó tó o pé bó bá lọ síbi ìgbéyàwó tó gbọ́ tí wọ́n ń lù ú láti yàrá àwọn ọkùnrin, ó mọ ohùn rẹ̀ bí ìyá ti ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ìlú ti rọ̀, tí ènìyàn ti ń rìn fàlàlà, Toufik Merzoug wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sunday kan. Olórin ńlá ni Toufik, ojú rẹ̀ kì í wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, ọdọọdún ló ń lọ sí Marseille lókè òkun lọ ṣeré. Etí rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ kò dára. Máńdólíìnì ọdún 1996 kan ló fẹ́ rà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ammi Braham. Ammi Braham ti lu máńdólíìnì yẹn níbi ìgbéyàwó àìmọye, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti le gan-an báyìí, ojú ìyàwó rẹ̀, Lalla Houria, sì ń kú lọ, dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ammi Braham fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pàdé lọ́dọ̀ Belounis. "Ẹlẹ́rìí wo ló tún ju ẹni tó ṣe é lọ?" ló wí.

Zoulikha gbé kọfí wá fún wọn. Toufik mú máńdólíìnì ti ara rẹ̀ jáde láti inú àpò, ti ọdún 1978, ó sì ní kí wọ́n bá òun já ọ̀kan tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe sílẹ̀ lára ògiri, ti ọdún 1986. Ó tò wọ́n sórí tábìlì pẹ̀lú ti Ammi Braham.

Ti 1978 ló kọ́kọ́ gbé. Ó fi ìka kan àyà rẹ̀, kó, kó, kó. "Ẹ gbọ́ o. Àfi bíi pé mò ń kan ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀." Ó di ojú kan, ó fi ìkejì wo gígùn ọrùn rẹ̀. "Ọrùn yìí ti wọ́ bíi ti ràkúnmí. Èmi tí mo rà á, wèrè ni mí." Ó gbé ti 1986, ó lù ú díẹ̀. "Eléyìí kò burú. Ó dà bí ọmọ tí kò mọ̀wé ṣùgbọ́n tí kì í jalè."

Ó wá gbé ti Ammi Braham. Ó kan àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó ti dígí kékeré kan bọ ihò rẹ̀, ó wo àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé àyà náà ró láti inú, bí wọ́n ti fẹ́lẹ́ níbi tó yẹ kí wọ́n fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ló lù ú. Orin ìyàwó kan báyìí ló lù, èyí tí àwọn ìyá àgbà fẹ́ràn. Ẹlẹ́ja tó ń pariwo ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn dákẹ́. Zoulikha kọjú sí ògiri, ó ń to àwọn irinṣẹ́ tó ti wà lẹ́tòlétò tẹ́lẹ̀.

Toufik gbé e sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe yín? Ogún ọdún lẹ fi kan àpótí. Lọ́jọ́ kan ṣá, ẹ jí, ọgbọ́n ti dé! Bó bá jẹ́ pé ẹ ti kú ní 1992, ta ni ì bá rántí yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ammi Braham náà rẹ́rìn-ín, ó gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká. "Ó ń yìn ọ́ o, Hocine!"

Ọ̀gá Hocine kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò ṣòkòtò, Zoulikha sì ń wo bí aṣọ náà ti ń gbọ̀n.

"Gbé e wá kí n wò ó," ni bàbá wí.

Ó wò ó pẹ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó ka bébà tó wà níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ tutù minimini.

"Èmi kọ́ ni mo ṣe eléyìí."

"Hocine, kí lò ń wí?" ni Ammi Braham bi í.

"Mo ní èmi kọ́ ni mo ṣe é. Bébà yìí, kì í ṣe ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Ayédèrú ni."

Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì àkọ́kọ́ yẹn. Ohun tó dun Zoulikha jù nìyẹn.

Toufik yíjú sí Ammi Braham. "Ìwọ àgbàyà yìí. O wá gbé mi wá síwájú ẹni tó ni iṣẹ́ kó o fi ayédèrú lù mí ní jìbìtì?"

"Mo fi Ọlọ́run búra! Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo ti gbà á! Hocine, wò mí lójú. A jọ jẹ àkàrà dídùn lọ́jọ́ náà, ìwọ lo gbàdúrà sí i!"

"Ogbó ti ń dà ọ́ lọ́kàn rú, Braham. Ojú tìẹ ni mo mọ̀, mi ò mọ ti máńdólíìnì ọwọ́ ẹ." Ọ̀gá Hocine wá yíjú díẹ̀díẹ̀. "Zoulikha, ìwọ tó ò ń gbá ṣọ́ọ̀bù yìí, ǹjẹ́ o rí eléyìí rí?"

Zoulikha wo máńdólíìnì náà. Ó rí ibi tó ti fi igi dúdú pẹ́ńpẹ́ kan dí ojú kókó lẹ́yìn rẹ̀, tó fi odindi ọ̀sẹ̀ kan fá a títí ọwọ́ kò fi mọ ìpààlà wọn mọ́. Ó la ẹnu. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì rí i pé bàbá kò bẹ̀rù rárá. Ó ti mọ ohun tí ọmọ òun máa sọ.

"Mi ò rí i rí, Bàbá."

Ammi Braham wò ó. Lọ́jọ́ tí bàbá arúgbó náà rà á, Zoulikha ló di máńdólíìnì yẹn sínú aṣọ ìbùsùn, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Wò ó," Toufik wí bó ti ń mú àpò rẹ̀, "torí ọjọ́ orí ẹ, màá fún ọ lówó okùn tó wà lórí ẹ̀. Pákó tó kù, fi ṣe sàárà."

Ammi Braham gbá nǹkan rẹ̀ mọ́ àyà, ó fẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó gbé aláìsàn. Toufik náà lọ. Ọ̀gá Hocine fẹnu kan kọfí rẹ̀.

"Ó ti tutù," ló wí. "Lọ gbé òmíràn wá."

Ọ̀rọ̀ náà kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ kó tó kárí gbogbo ilé kọfí. Àwọn tó ní Belounis ọdún 1993 sókè bẹ̀rẹ̀ sí gbé wọn wá, tìbínú-tìbínú. Ọ̀gá Hocine a gbé e, a wò ó, a ní, "Ayédèrú." Nígbà tó yá, kì í wò ó mọ́ kó tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin kan tó ti fi tirẹ̀ jẹun fún ọdún púpọ̀ na máńdólíìnì náà mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà títí ó fi fọ́ yángá, ó tutọ́ lé e, ó lọ. Zoulikha ló gbá àfọ́kù rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn ló bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ilé Ammi Braham lọ. Ẹnu ọ̀nà ni bàbá arúgbó náà ti pàdé rẹ̀, kò ní kó wọlé. Zoulikha sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìgbé ojú sókè: ọwọ́ tó ń gbọ̀n, bébà, igi dúdú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òun ṣe tán láti tẹ̀ lé e lọ bá Toufik lọ sọ òtítọ́.

"Mo ti tà á fún un," ni Ammi Braham dáhùn. "Ọjọ́ tí dókítà dá ti kò. Owó okùn náà ni mo gbà."

"Ẹ dárí jì mí, Ammi."

"O ní ahọ́n báyìí? Níbo ló wà lọ́jọ́ Sunday?" Ó di ilẹ̀kùn mú. "Bàbá ẹ, mo mọ ohun tó mú un. Ìlara ni. Ìwọ ńkọ́? Ọmọ tìrẹ ni, o sì wò ó títí wọ́n fi pè é ní ọmọ àlè."

Láti inú yàrá ni Lalla Houria ti ké pe ọkọ rẹ̀. "Braham! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan," ló dáhùn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Zoulikha kò padà sílé. Ó wọkọ̀ lọ sí apá òkè ìlú, níbi tí Toufik kọ́lé sí. Toufik fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó rí i, ó tẹríba díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Káàbọ̀, ìyá wọn."

Zoulikha wo ẹ̀yìn Toufik. Máńdólíìnì kún ara ògiri pálọ̀ náà, iṣẹ́ ọwọ́ Zoulikha gbogbo, tí àwọn ènìyàn ti tà ní ẹ̀dínwó nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá rẹ̀. Ti Ammi Braham ló wà láàárín.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?" ló bi í.

"Lọ́jọ́ yẹn náà. Nígbà tó o gbé kọfí sílẹ̀, àtè wà lábẹ́ èékánná ẹ. Bàbá ẹ rèé, kò lè fọwọ́ ara ẹ̀ dé bọ́tìnnì."

"Ẹ wá dákẹ́?"

"Kí n sọ̀rọ̀ ṣe kí ni? Bàbá ẹ ń bá mi já owó wọn wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí n wá dí i lẹ́nu? Bó o bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, owó gidi ni ǹ bá san fún àgbàyà yẹn. Ìwọ tó o bí wọn lo sẹ́ wọn, arábìnrin. Èmi kàn gbà wọ́n tọ́ ni."

"Ẹ dá ti Ammi Braham padà."

Toufik já a sílẹ̀ lára ògiri. Zoulikha na ọwọ́. Toufik jókòó, ó gbé e lé itan, ó lu orin ìyàwó yẹn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó lù ú dáadáa, kò yára. Nígbà tó parí, ó gbé e kọ́ padà.

"Má lọ sọ pé mi ò ṣe ọ́ lóore o," ló wí, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Zoulikha wá di ẹrù rẹ̀, bàbá jókòó ti oúnjẹ. "Níbo lò ń lọ? Orúkọ ta lo máa lẹ̀ mọ́ wọn níkùn?"

"Orúkọ mi."

"Kí Ọlọ́run bá ọ tà á," ni bàbá wí, ó bu kúskúsì sẹ́nu, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní ìlú Béjaïa ni Zoulikha lọ. Kò pẹ́ tí Ọ̀gá Hocine fi ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ta fóònù níbẹ̀ báyìí. Ní ti Lalla Houria, ojú kan ṣoṣo ni owó tó wà nílẹ̀ tó ṣe. Ìkejì fọ́.

Zoulikha ń gbẹ́ máńdólíìnì lọ. Orúkọ rẹ̀ ló ń kọ sí wọn, wọ́n sì dára ju gbogbo èyí tó ti ṣe rí lọ. Lọ́dún tó kọjá, olórin kan ní Béjaïa gbé ọ̀kan, ó lù ú, ojú rẹ̀ tàn. Ó yọjú wo inú ihò, ó ka orúkọ tó wà níbẹ̀, ojú náà sì pòórá.

"Kò burú," ló wí. "Ó ń gbìyànjú láti dún bí àwọn tí Toufik Merzoug fi ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ẹ ti gbọ́ wọn rí?"

"Mo ti gbọ́ wọn," Zoulikha dáhùn.

"Àwọn yẹn ni máńdólíìnì. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣe wọ́n." Ó yí ti ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ ṣùtì. "Ẹ ṣáà gé owó yìí kù fún mi. Kò lórúkọ."

Zoulikha gé e fún un.