Èdè Tí Ọlọ́wọ́-Wúrà Kò Bèèrè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìgbéraga ṣe ń rìn, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ ó rí i tó ń bọ̀. Aṣọ funfun ni yóò wọ̀, bàtà rẹ̀ yóò máa ké kó-kó-kó, àwọn dókítà kéékèèké yóò sì tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ adìẹ. Ọlọ́wọ́-Wúrà ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ yìí. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló fura pé òun fúnra rẹ̀ ni.

Ká má parọ́, ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ohun tó ń bí Igbákejì rẹ̀ nínú gan-an nìyẹn. Ká ní ọwọ́ náà kò dáa ni, ìbá rọrùn láti kórìíra rẹ̀ kéèyàn sì sùn dáadáa. Obìnrin ni Igbákejì yìí, òun náà mọ iṣẹ́ bí ẹni mọ owó, ó sì ti ń dúró lápá òsì ọ̀gá nídìí iṣẹ́ abẹ láti ìgbà tí irun ọ̀gá ṣì dúdú. Òun ni yóò gba àga bí ọ̀gá bá fẹ̀yìn tì, bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i: gbólóhùn kékeré yìí ló sọ obìnrin ọlọgbọ́n di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí kò dùn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń pe ọ̀gá ní àkùkọ. Ní ẹnu, "Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá" ni.

Ẹ wò ó, Ọlọ́wọ́-Wúrà yìí ní òun kò gbọ́ èdè ilé mọ́. Ó ní òun ti gbàgbé ẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè níbi tí òun ti lọ kàwé. Èdè ọ́fíìsì nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kan fi ẹ̀yìn gbá tirẹ̀ lẹ́nu géètì, èdè ilé tú jáde bí omi, ó bú awakọ̀ náà, ó bú bàbá rẹ̀, ó sì bú àwọn tó ti kú nínú ìdílé wọn. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Nígbà náà ni Tíṣà obìnrin kan dé. Gìrì ti mú un níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n yàwòrán orí rẹ̀, wọ́n sì rí kókó kan lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ. Irú kókó bẹ́ẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí aláìsàn sùn nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Wọ́n á pa awọ orí rẹ̀ kú pẹ̀lú abẹ́rẹ́, wọ́n á ṣí agbárí, wọ́n á sì jí i. Ọpọlọ tó ń sọ fún gbogbo ara pé ó ń dùn ún, òun fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Dókítà á máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná mànàmáná díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ kan ọpọlọ níbí àti lọ́hùn-ún, ẹnì kan á sì máa fi àwòrán han aláìsàn pé kó dárúkọ wọn. Ibi tí wọ́n bá kàn tí ahọ́n bá lọ́, ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n á fi àmì kékeré sí i, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá sì gbọ́ èdè méjì, ibi tí wọ́n ń gbé lè yàtọ̀ síra, bí orogún méjì nínú ilé kan: wọ́n jọ ń lo àgbàlá, kálukú ní yàrá tirẹ̀. Èyí tí wọn kò bá bèèrè, wọn kò ní mọ yàrá rẹ̀. Igbákejì mọ èyí. Ọlọ́wọ́-Wúrà náà mọ̀ ọ́n.

Tíṣà àti ìyá rẹ̀ jọ wá sí yàrá Igbákejì ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ẹnu àwọn méjèèjì kì í dákẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tiẹ̀ ti ń kùn pé wọn kò jẹ́ kí àwọn yòókù sinmi.

"Dókítà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní," Tíṣà wí. "Èdè ọ́fíìsì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, àmọ́ ìyá mi ò gbọ́ ọ, wọn ò sì mọ̀wé. Èmi nìkan ni wọ́n ní. Bó bá di pé ẹ máa dá ọ̀kan sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá èyí tá a jọ ń sọ sí."

"Ẹ má dá a lóhùn," ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti sọ fún un pé orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ó ní mi ò lajú."

"Màmá, wọn ò ní bẹ́ ẹ. Wọ́n kàn máa ṣí i ni."

"Ṣé ìkòkò ni, tí wọ́n á fi ṣí i?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Inú Igbákejì yọ́ sí wọn. Ó di ọwọ́ Tíṣà mú, ó ní, "Èdè méjèèjì la máa fi bi yín. Mo ṣèlérí fún yín."

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Àwọn àlejò pàtàkì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti ilẹ̀ òkèèrè, ti jókòó lẹ́yìn gíláàsì láti wo Ọlọ́wọ́-Wúrà. Ó ti gé irun nítorí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fìlà iṣẹ́ abẹ ni yóò bo irun náà. Obìnrin tó ń fi àwòrán hàn jókòó síwájú Tíṣà. Tíṣà dárúkọ àkàbà, ó dárúkọ kọ́kọ́rọ́, ó dárúkọ agboòrùn, gbogbo rẹ̀ ní èdè ọ́fíìsì, kò ṣì í. Ahọ́n rẹ̀ lọ́ níbi tó yẹ kó lọ́, ọ̀gá fi àmì síbẹ̀. Àwọn àlejò ń mi orí.

"Ọ̀gá," Igbákejì wí pẹ̀lẹ́, "ó ku èdè ilé. Mo ti ṣèlérí rẹ̀ fún Tíṣà."

Ọlọ́wọ́-Wúrà kò gbójú sókè. "Ṣé inú ọjà la wà ni? Tíṣà ni obìnrin yìí. Èdè tó fi ń jẹun la ti bi í. Àbí ká tún bi í ní èdè ẹyẹ?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò tó wà lẹ́yìn gíláàsì, tí kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ, rẹ́rìn-ín nítorí pé àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Igbákejì náà rẹ́rìn-ín. Ìbòjú wà lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀ bó bá kàn dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín sókè kí ọ̀gá lè gbọ́ ọ. Ó ṣe èyí, ó sì kórìíra ara rẹ̀, ó sì di nǹkan iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Lábẹ́ aṣọ tí wọ́n ta bò ó, ohùn Tíṣà jáde ní èdè ilé, tó mọ́ kedere. "Dókítà, ṣé ẹ ò tíì bi mí ní tilé?"

"Ó ń bọ̀," Igbákejì dáhùn.

Ọlọ́wọ́-Wúrà ti mú ọ̀bẹ.

Ó yọ kókó náà tán pátápátá. Àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àwọn àlejò sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rò pé ara Tíṣà ti balẹ̀, ọ̀gá kó gbogbo ọmọ adìẹ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀, ó bi í ní iṣẹ́ rẹ̀, Tíṣà dáhùn geerege ní èdè ọ́fíìsì. Ó tilẹ̀ tún gbólóhùn dókítà kékeré kan ṣe fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò.

Ìyá rẹ̀ wọlé bí wọ́n ti ń ya á lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, o ti jí? Ṣé orí ò fọ́ ẹ mọ́?"

Tíṣà yíjú sí i. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó gbọ́. Ó la ẹnu, ètè rẹ̀ ń mì, ohunkóhun kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ló dáhùn, ọ̀rọ̀ tó gùn tó sì dán, ní èdè ọ́fíìsì. Ìyá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá dókítà lọmọ ń bá sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mò ń bi ẹ́," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé eré ni. Eré ni wọ́n máa ń ṣe. Nígbà tí omi bọ́ lójú ọmọ, ẹ̀rín náà kú.

Ọlọ́wọ́-Wúrà ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igbákejì tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, èdè ilé ti lọ. Ibi tí a kò bi la gé."

"Orí tó wú ni. Ó máa wálẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, àbí kò sọ̀rọ̀? Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀."

"Ó lè má wálẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìwọ lo fẹ́ jókòó sórí àga mi. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń sọ fún ẹbí aláìsàn. Mo ń retí rẹ nínú ìpàdé." Ó ń lọ, bàtà rẹ̀ ń ké, gbogbo àwọn dókítà kéékèèké sì jáde tẹ̀ lé e.

Igbákejì padà wọlé. Ìyá ti jókòó sétí ibùsùn, ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé àyà. Bí Tíṣà ti rí Igbákejì, ó sọ̀rọ̀ sí i ní èdè ọ́fíìsì, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọléèwé pé kó kọ ọ́ sílẹ̀:

"Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo bi yín lórí tábìlì yẹn, ẹ sì ní ó ń bọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò bi mí. Ẹ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

"Kí ló wí, Dókítà?" ìyá bèèrè. "Ẹ bá mi tú u."

Igbákejì wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ọ̀gá nìkan ló wà ní etí rẹ̀, pẹ̀lú àga yẹn. Gbogbo ọdún tó fi ń pe ẹlòmíràn ní àkùkọ, ó rò pé òun yàtọ̀ sí i.

"Ó ní ara òun ń le, Màmá," ó wí. "Ó ní orí tó wú ló di òun lẹ́nu, ó máa tó wálẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wa."

Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń súre fún ọwọ́ wọn, fún ọmọ wọn, fún gbogbo ohun tí wọ́n bá dáwọ́ lé.

Tíṣà, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ, tejú mọ́ Igbákejì. Ó la ẹnu sí ìyá rẹ̀. Ó mi orí tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó tún mì í, ó ń fa apá ìyá rẹ̀.

Ìyá dìde, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ fún un.

"Má da ara ẹ láàmú, ọmọ mi," ó wí. "Dókítà ti sọ ọ́ fún mi."