Ìparí Ọkọ̀ Ìràwọ̀

Bàbá kì í kọ ìparí ìtàn sílẹ̀. Nígbà tó ń kọ eré fún rédíò, yóò tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, àmọ́ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn á ṣófo. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbà á sílẹ̀ ni yóò dúró láàárín àwọn òṣèré, tí yóò máa fẹnu sọ ohun tí kálukú máa wí. Agídí ni, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí Ọkọ̀ Ìràwọ̀, ìtàn ọmọbìnrin kan tó bá ọkọ̀ lọ sí ìràwọ̀ kan, níbi tí ọdún kan jẹ́ ogún ọdún nílé. Ọdún méjì gbáko ni àwọn olùgbọ́ fi ń bi ara wọn pé, bó bá padà, ṣé yóò bá ìyá rẹ̀ láyé?

Ọmọ Bàbá, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Téèpù, ló ń tọ́jú téèpù nílé iṣẹ́ rédíò náà. Lọ́jọ́ tí ìparí yẹn jáde, ó ń rọbí lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa wọlé iṣẹ́ padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àṣẹ ti wà lórí tábìlì rẹ̀: téèpù kò tó mọ́, kí ó pa eré tó bá ti lé lóṣù mẹ́ta rẹ́, kí wọ́n lè fi téèpù náà gba ìròyìn bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó kó odidi pẹpẹ kan, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láìwo àkọlé. Nígbà tó rántí pé ìparí Ọkọ̀ Ìràwọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú tì í, kò sì lè bi Bàbá bó ṣe parí rí.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ gba ohùn Bàbá àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Làákàyè rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti di kòkòrò lójú rẹ̀, òun tó fi ìwé jẹun. Ọwọ́ òsì ló kù. Bó bá kan apá àga lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, rárá.

Àsìkò yìí ni onífíìmù kan wá. Ó fẹ́ sọ Ọkọ̀ Ìràwọ̀ di fíìmù. Bàbá kan àga lẹ́ẹ̀kan, Ìyá Téèpù sì fọwọ́ síwèé kíákíá. Ó rò pé òun fẹ́ tún ohun tí òun bà jẹ́ ṣe.

"Màmá, báwo ló ṣe parí gan-an?" ni onífíìmù bi í. "Àwọn òṣèré tó kù láyé, ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu."

"Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan."

Ó jókòó ti bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ṣé ọmọ yẹn padà wálé?"

Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé ó bá ìyá ẹ̀ láyé?"

Ẹ̀ẹ̀mejì.

"Ìyá ti kú nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀mejì.

"Háà! Kò sí láyé, kò sì kú? Ibo ló wá wà? Àbí òun náà wọkọ̀ tẹ̀ lé e?"

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ó béèrè títí ẹnu fi bó o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó bi í, kò sì wá sí i lọ́kàn; ọgbọ́n rẹ̀ kò dé ibi tí ti bàbá rẹ̀ dé. Lọ́jọ́ keje, Bàbá kọjú sí ògiri, kò kan àga mọ́. Nígbà tọ́rọ̀ pọ̀ ju ẹkún lọ, Ìyá Téèpù bú sẹ́rìn-ín.

"A máa jẹ́ kí ìyá wà láyé," ni onífíìmù wí. "Ohun tó dùn làwọn èèyàn ń fẹ́."

"Bàbá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo ni wọ́n wá ní kó rí?"



Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, ìlà iwájú ni wọ́n gbé Bàbá sí. Nígbà tí ìyá àti ọmọ dì mọ́ra lójú fíìmù, gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá náà ń fi ọwọ́ òsì gbá apá àga, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ wo Bàbá!" ni obìnrin kan kígbe. "Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́!"

Àtẹ́wọ́ tún le sí i. Ìyá Téèpù na ọwọ́, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí apá àga náà. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀ ni Bàbá wá ń kàn, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì, títí wọ́n fi tan iná.