Àkàbà Tí Kò Ní Páálí

Ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi wà nísàlẹ̀, kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lókè. Èmi bábà ń fá orí, òun tíṣà ń ki ọ̀rọ̀ sínú orí. Bí ẹ bá jókòó sórí àga mi láyé ìgbà náà, ẹ ó máa gbọ́ ohùn àwọn àjèjì tó ń kọ́ èdè wa lókè àjà: "Omi! Bàtà! Ìdààmú!" Oníbàárà mi kan tiẹ̀ ní irun kọ́ lòun ń wá gẹ̀, ìdààmú ọlọ́fẹ̀ẹ́ lòun ń wá gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọgbọ́n tirẹ̀. Á kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí pélébé, á fi okùn so ó mọ́ ara ilé. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn á wà nílẹ̀, omi lára garawa, bàtà lára bàtà. Èyí tó le díẹ̀ á wà ní ọ̀gangan àyà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ onírùngbọ̀n, irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti àìgbọdọ̀máṣe, orí kọ́bọ́ọ̀dù gíga ni wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ wọn, kó gun àkàbà. "Ọ̀rọ̀ téèyàn ò bá làágùn fún kì í pẹ́ lórí," ẹ̀gbọ́n mi á wí. Ẹni tí kò bá sì gun dé òkè kí sáà tó parí, kó dìde fún ẹlòmíràn.

Òfin yìí ló fẹ́ bá Màmá Aránṣọ jà. Màmá ti darúgbó kó tó wá láti òkèèrè wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, èdè wa nìkan lòun gbọ́. Àwọn méjèèjì á jókòó sídìí oúnjẹ, wọ́n á máa wo ara wọn bí ẹni ń wo fọ́tò. Nítorí ọmọ yìí ni Màmá ṣe ń wá sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ò gba àkàbà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó máa di ẹsẹ̀ àkàbà mú fáwọn géńdé.

Lọ́jọ́ tí sáà parí, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ilẹ̀ náà lẹ ṣì wà. Mi ò lè gbà yín ní sáà tó ń bọ̀. Ẹ lọ jókòó, kẹ́ ẹ sinmi."

Màmá fi àkàbà sílẹ̀, ó lọ sinmi.

Ẹ̀gbọ́n mi wá gun òkè láti so ọ̀rọ̀ tuntun kan: ìfọ̀kànbalẹ̀. Bó ṣe nawọ́ báyìí, àkàbà yẹ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó balẹ̀ sẹ́yìn ilé, gbàà! Ẹ̀gbọ́n mi kù lórí kọ́bọ́ọ̀dù bí àpótí tí wọ́n gbàgbé. Ohùn tó máa ń la ògiri já kò jáde mọ́, torí bó bá mí, kọ́bọ́ọ̀dù á mì.

Àwọn kan di kọ́bọ́ọ̀dù mú, àwọn yòókù ya bo fèrèsé tó kọjú sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ìdààmú!" ọ̀kan ké.

"Ìfọwọ́sowọ́pọ̀!" èkejì gbè é.

Èyí tó mọ̀wé jù nínú wọn fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun pariwo: "Àìgbọdọ̀máṣe!"

Mo gbé abẹ sókè, mo fi kí wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ó ti ń yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu!"

Oníbàárà mi pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Àfi bí orí funfun Màmá ṣe yọ láàárín wọn. "Bábà! Ẹ̀gbọ́n ẹ wà lókè! Àkàbà ti ṣubú! Àkàbà wà nílẹ̀, lẹ́yìn ilé! Gbé e wá! Sáré!"

Ìdajì orí ni mo fi oníbàárà sílẹ̀ sí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, orí ilẹ̀ lásán ló jókòó sí. "Màmá, ta ló kọ́ yín ní àkàbà? Mi ò so páálí mọ́ ọn rí."

"Tíṣà, ìwọ ni. 'Màmá, ẹ di àkàbà mú! Màmá, àkàbà ń yẹ̀! Màmá, àkàbà fẹ́ ṣubú!' Lójoojúmọ́."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń nu ojú. "Màmá, ẹ ò lọ síbì kankan."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó fá ìdajì orí tó kù tán, ọmọ-ọmọ wá mú Màmá lọ sílé. "Màmá àgbà, kí lẹ kọ́ lónìí?"

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi. "Tíṣà gun òkè. Àkàbà sá lọ. Tíṣà di... àpótí." Ó fún imú pọ̀, ó ranjú, ó di ẹ̀gbọ́n mi gan-an. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ó wá tán?"

"Rárá! Bàbá kan wà. Irun rẹ̀, ìdajì."

Ọmọ yíjú, ó rí oníbàárà mi lórí àga. "Ẹ tún un sọ, Màmá àgbà! Ẹ tún un sọ!"

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, àwọn ọ̀rọ̀ onírùngbọ̀n ti sọ̀ kalẹ̀; omi àti bàtà ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn géńdé wá ń làágùn nítorí omi.

Ó ti pẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sinmi, Màmá náà ti lọ, òkè àjà dákẹ́ rọ́rọ́. Àkàbà náà ló kù, mo ń sá tówẹ̀lì sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Lára igi ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹni tí orúnkún ń dùn lè dé, páálí kan ṣì ń fì: àkàbà. Màmá ló so ó. Kókó aránṣọ ni. Mi ò tíì rí ẹni tó lè tú u.