Àgbàdo Ìpín Ọ̀bọ

Ojú wọn ṣe mẹ́rin láàárín èrò. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tí Moyinolúwa ti ń kà láti ilé-ìwé girama, bí ojú ọkùnrin àti obìnrin tí kò mọra rí bá pàdé báyìí, ọkàn a máa yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Ti òní kò yọ́. Ọkùnrin tó dúró níwájú jíìpù náà ń wò ó láti òdìkejì gíláàsì bí ẹni tó ká olè mọ́ inú àká. Moyin tètè gbójú sílẹ̀ sórí páálí tó wà lórí itan rẹ̀.

Nǹkan kan ń họ páálí náà láti inú.

"Ẹ má ṣí gíláàsì o," Mọ́mì wí láti iwájú. "Àwọn ará oko yìí, bí wọ́n bá ti rí mọ́tò ńlá, inú wọn á máa ru."

Wọ́n ti fi ìtì igi dí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ tó ti ẹsẹ̀ òkè jáde sí títì Ìfisìn. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí igi náà, ó kó pòpórò àgbàdo tó ti ya lé ẹsẹ̀.

Ẹlúyẹmí, àfẹ́sọ́nà Moyin, ló wà nídìí ọkọ̀. Èkó ni òun, Mọ́mì ìyá rẹ̀ àti Wùnmí àbúrò rẹ̀ ti wá lo ọlidé oṣù kẹjọ nílé tí bàbá wọn tó ti kú kọ́ sí Ìfisìn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wa jíìpù gun òkè gba ibi tí mọ́tò kì í gbà, tí wọ́n ń wá ẹranko tí wọ́n máa yà ní fọ́tò. Moyin, tíṣà ní Ìsàn, ló ń júwe ọ̀nà fún wọn.

Bàbá Moyin ló ní kó tẹ̀ lé wọn. Ìwé ìtọrọ ti dé láti ilé ọkọ, bàbá sì ti kọ èsì rẹ̀, ìwé ìjẹ́hẹn, èyí tó sọ pé àwọn gbà. Dípò kó dúró dọjọ́ ìdána bí àwọn ẹlòmíràn, ó fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Lọ bá wọn gbé ná," ó ní. "Bí ọkàn rẹ bá balẹ̀, fún ìyá ọkọ rẹ. Bí kò bá balẹ̀, gbé e padà wá fún mi. Mi ò ní bi ọ́ léèrè."

Ìwé náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Kò sí àárọ̀ tí Mọ́mì kì í béèrè rẹ̀. "Àbí bàbá yín ò mọ̀wé kọ ni?" á ní. Wùnmí á rẹ́rìn-ín. Ẹlúyẹmí náà á rẹ́rìn-ín, á wá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ Moyin lábẹ́ tábìlì, bí ẹni ń sọ pé, má bínú. Moyin kì í bínú. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ tí òun máa jẹ́ nílé ọkọ sẹ́yìn ìwé àmúṣiṣẹ́ rẹ̀ lóríṣiríṣi.

Àná ni nǹkan bàjẹ́. Lẹ́sẹ̀ òkè yẹn, kò sí àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo tí kì í fi poro tó kángun sí igbó sílẹ̀. Ìpín ọ̀bọ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀bọ á jẹ tirẹ̀, kò ní wọnú oko. Àgbẹ̀ náà kò sì ní fọwọ́ kan ọmọ ọ̀bọ. Moyin sọ ọ́ fún wọn bí wọ́n ti ń gòkè. Ẹlúyẹmí ní ìtàn náà dùn. Nígbà tí wọ́n bá agbo ọ̀bọ lórí àpáta, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó ń fun fèrè mọ́tò, ó ń lé wọn. Abiyamọ ọ̀bọ kan já sílẹ̀, ọmọ bọ́ láyà rẹ̀, Ẹlúyẹmí sì bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi bo ọmọ náà mú.

"Yẹmí, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀," Moyin bẹ̀ ẹ́.

"Fún kí ni? Wọ́n máa fẹ́ràn ẹ̀ ní ẹ́sítéètì wa."

Wùnmí ń ya gbogbo rẹ̀ sínú fóònù. Gbogbo òru ni ọmọ náà fi ké nínú páálí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún gbé e gòkè lọ ya fọ́tò lórí àpáta. Bí wọ́n ti ń bọ̀ ni wọ́n bá igi lójú ọ̀nà.

Ọkùnrin náà kan gíláàsì. Ẹlúyẹmí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó kí Mọ́mì. Kò rẹ́rìn-ín. "Níyì lorúkọ mi. Màmá mi ló jókòó yẹn. Agbo ọ̀bọ wọnú oko màmá láàárọ̀ yìí. Wọn ò fẹnu kan ìpín tiwọn. Inú oko gan-an ni wọ́n wọ̀, wọ́n ń ya á, wọ́n ń jù ú nù. Ẹ̀yin lẹ gòkè lánàá."

"Òkè yín ni?" Ẹlúyẹmí bi í. Ó fa owó yọ. "Ó yá, gba èyí, kí ẹ gbé igi yín kúrò."

Ẹnìkan láàárín èrò sọ pé, "Ẹ bá wa kó o fún àwọn ọ̀bọ náà. Bóyá wọ́n á fi ra àgbàdo." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Ìyá arúgbó náà sọ̀rọ̀ fúngbà àkọ́kọ́. "Mi ò torọ owó. Ẹ dá ọmọ náà padà sí ulé rẹ̀."

"Ọmọ wo?" ni Ẹlúyẹmí wí. "Kò sí ọ̀bọ nínú mọ́tò yìí."

Ẹsẹ̀ kékeré kan ń ta páálí mọ́ Moyin nítan. Níyì tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, wọ́n ní tíṣà Ìsàn ni yín, àwa la jọ ni èdè yìí. Ṣé ó wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Mọ́mì yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀. "Moyin, ọ̀rọ̀ ẹbí lèyí o. Ibi tó o bá dúró sí báyìí la máa mọ̀ ọ́ sí títí ayé."

"Sọ fún wọn, olólùfẹ́ mi," Ẹlúyẹmí wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́. Ohùn yẹn gan-an ni Moyin fi ń sùn. Àṣé ohùn yẹn náà ni wọ́n fi ń bẹ ènìyàn kó parọ́.

Moyin ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé páálí náà sáyà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ó wà níbí," ó ní.

"Ará oko ni ará oko yóò máa jẹ́," Mọ́mì wí. Wùnmí ju báàgì Moyin jáde láti ojú fèrèsé. Wọ́n gbé igi kúrò, jíìpù náà ta ẹrẹ̀ sí gbogbo wọn lára, ó lọ. Ẹlúyẹmí kò bojú wẹ̀yìn.

Moyin dúpẹ́ lọ́wọ́ Níyì pé ó bá òun mú báàgì. "Ẹ má dúpẹ́," ó dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ mú wọn gòkè. Ẹ ò bá ti fi ọ̀nà hàn wọ́n, oko màmá mi ì bá wà." Òótọ́ ni. Wọ́n jọ gòkè. Lórí àpáta, Moyin gbé ọmọ náà kalẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti orí igi, ó yọ eyín sí Moyin, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì wọ igbó lọ.

Níyì bá a dá ọ̀kadà dúró ní títì. Ó padà sí oko màmá rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé Ìsàn nígbà tí fóònù Moyin dún. Ẹlúyẹmí ló kọ̀wé ránṣẹ́: *Mọ́mì ti dárí jì ẹ́. Gbé ìwé yẹn wá lọ́la, kó o kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ.*

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Omijé kún ojú rẹ̀. Ó dá a lójú pé òótọ́ lọ́rọ̀ ìparí yẹn, òun ló sì jẹ́ kó dùn ún.

Bàbá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń họ eérú ara iṣu sísun kúrò. Ó wo ẹrẹ̀ tó dé orúnkún ọmọ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì dá iṣu náà sí méjì.

Moyin ṣí báàgì rẹ̀. Igun kan lára àpò ìwé náà ti tutù. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó gbà á. Kò bi í léèrè.