Ìlà Tí Ọ̀jáfáfá Yọ

Ọmọ oṣù méje ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Ọ̀jáfáfá. Ibà kọlù ú, wọ́n sì dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ àyà, Ọ̀jáfáfá sì jókòó tì wọ́n.

Wọn kò sọ ọ́ lórúkọ yẹn nílé. Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yá sí kíkọ kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Òun ló kọ ojú ewé tí àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù yìí fi ń ṣírò oògùn lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ti fi yangàn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì ṣírò ti ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan tán, ó ṣí ti ọmọ náà, ó tẹ bọ́tìnì. Iye oògùn jáde. Ọ̀jáfáfá na ọrùn wò ó. Oògùn yẹn pọ̀ jù fún ọmọ ọwọ́.

Ó béèrè bóyá wọ́n ti wọn ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ní òun kò tíì wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọ ọwọ́ lé wà ní wọ́ọ̀dù kejì, àmọ́ ẹ̀rọ ti gbé e jáde, kí ló tún kù?

Ọ̀jáfáfá mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Nínú JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tó fi kọ ojú ewé náà, igbá ni wọ́n ń kó iye sí; bí o bá kó nǹkan sínú igbá tí o kò kọ́kọ́ kéde orúkọ rẹ̀, èdè náà kò ní bá ọ jà. Á gbé igbá náà síta gbangba, ohun inú rẹ̀ á sì dúró de ẹni tó ń bọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni kì í gba gbẹ̀rẹ́, "use strict" tí wọ́n ń kọ sókè pátápátá. Bó bá rí igbá tí kò ní olùkéde, á dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì wọn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ han àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá yarí, ìṣirò kò jáde. Ọ̀jáfáfá yọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ wo ọgbọ́n orí: ẹni tó ń pariwo olè ni wọ́n lé jáde. Ọ̀la ni òun á dá a padà, ọ̀tunla ni, ó ti di oṣù mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Bí Ọ̀jáfáfá bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Bó bá dákẹ́ ńkọ́? Ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fún un. Ìwúwo ọmọbìnrin yẹn ni ẹ̀rọ lò fún un."

Nọ́ọ̀sì wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó gbé ọmọ lọ sórí ìwọ̀n ní wọ́ọ̀dù kejì, ó padà wá fi bírò ṣírò oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlọ́po mẹ́jọ ló wà nínú abẹ́rẹ́. Ó da oògùn náà nù, ó fa èyí tó tọ́.

Ọ̀jáfáfá ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ní ìlà kan tó ń ṣọ́ ìṣirò ni wọ́n yọ, ó dá a padà. Kíá ni ojú ewé kọ̀ láti ṣírò, ó kọ ọ́ ní pupa pé òun kò mọ ìwúwo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbójú kúrò lára ọmọ. "Ta ló yọ ọ́, ọmọ ìyá mi?"

"Èmi ni."

Nọ́ọ̀sì bi í ní ọjọ́ tó yọ ọ́. Ó sọ ọ́. Obìnrin náà gbé ìwé wọ́ọ̀dù wá, ó ṣí i padà sí ọjọ́ yẹn, ó ní kó máa ka orúkọ àwọn ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀rọ ti ṣírò oògùn fún láti ìgbà náà síta. Ọ̀jáfáfá fi ìka sórí orúkọ àkọ́kọ́. Ó kà á síta.