Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fúyẹ́

Inú ti ń bí mi kí a tó dé ṣọ́ọ̀bù Lazare. Ẹni tó bá ti bá Bàbá Aboudou rìn láti ibùdókọ̀ Adjamé ní Abidjan dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ yóò mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kí wọn ni wọ́n ń dá dúró. Wọ́n á nawọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ó ti ṣe yunifásítì tán. Mo fẹ́ lọ ra kọ̀ǹpútà fún un." Ẹni náà á ṣe àdúrà. A ó tún rìn díẹ̀, wọ́n á tún dúró.

Bàbá Aboudou kọ́ ló bí mi. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, táyà ọkọ̀ ni wọ́n ń tà, ilé wọn ní Attécoubé sì ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣèpàdé. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni wọ́n ti ń sọ pé ọjọ́ tí mo bá jáde ilé ìwé, àwọn ni wọ́n máa ra ohun tí mo máa fi ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò sì ṣòro. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kékeré kan ní Bingerville ń gba èèyàn tí yóò lọ máa bi àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ìbéèrè ní àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Soubré. Orí alùpùpù la ó máa gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, iná mànàmáná kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Oníkálukú ni yóò mú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá. Ọdún 2009 nìyẹn. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kéékèèké tí kò ju ìwé kan lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Abidjan, owó wọn kò sì pani lára. Mo ti jókòó pẹ́ nídìí wọn bí ẹni tó ń yanjú àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn: èyí tó fúyẹ́, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, owó rẹ̀ wọ́n, èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n, bọ́tìnnì rẹ̀ kéré débi pé ìka kan á tẹ mẹ́ta pọ̀. Níkẹyìn mo rí ọ̀kan tó bá gbogbo rẹ̀ mu. Dúdú ni, ó wà nínú gíláàsì Lazare.

Lazare gbé e fún mi. Èmi náà gbé e fún Bàbá.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ó fúyẹ́."

Wọ́n fi ọwọ́ kan gbé e sókè, wọ́n wò ó lápá ọ̀tún, wọ́n wò ó lápá òsì. "Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Ta ló fẹ́ lò ó? Nafissa?"

Nafissa ni àbígbẹ̀yìn wọn, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méje. Bàbá fi Faransé sọ ọ́ fún Lazare kí òun náà lè rẹ́rìn-ín. Lazare rẹ́rìn-ín. Oníbàárà kan tí n kò mọ̀ rí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

"Èmi ni mo fẹ́ lò ó," mo wí. "Fífúyẹ́ tó fúyẹ́ yẹn gan-an ló mú kí n fẹ́ ẹ."

"Bachirou, èèyàn tó bá fúyẹ́, ṣé a máa ń fún un lọ́mọ fẹ́? Ọ̀rọ̀ tó bá fúyẹ́, ṣé a máa ń sọ ọ́ láàárín àgbà? O wá fẹ́ kí n gbé ohun tó fúyẹ́ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́."

"Bàbá, ìwọ̀n ni mò ń sọ."

"Ìwọ̀n náà ni èmi náà ń sọ."

Abidjan ni wọ́n bí mi sí. Mo máa ń gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ, bí inú bá sì ń bí mi, díẹ̀ tí mo ní á tún sá lọ. Kí n tó rí èsì, Bàbá ti nawọ́ sí ẹ̀rọ tó tóbi jù lórí pẹpẹ. Fàdákà ni àwọ̀ rẹ̀, ó fẹ̀ bí ọpọ́n, ó sì jẹ́ irú èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní "France au revoir", tí ẹnì kan ti lò gbó nílùú òyìnbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa.

"Vieux père, ẹ mọ ohun tó dára," Lazare wí fún Bàbá. "Èyí, ti ọ̀gá ni."

Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Jùlá ná an. Mo bi Lazare léèrè bátìrì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì. Wáyà iná wà lára ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sì yọ ọ́. "Y'a pas drap, petit," ó wí, pé kò sí wàhálà, ó sì yíjú padà sí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rọ tó wúwo bí òkúta náà fún mi. "Gbà. Èyí ni kọ̀ǹpútà."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹnu mi nìkan ló sọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n dán wa wò ní Bingerville. Huguette, tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, ní kí kálukú wa wọ ilé mẹ́rin ládùúgbò, kí ó bi àwọn ará ilé ní ìbéèrè, kí ó sì máa tẹ èsì wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Rachid, tí òun náà ń wá iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì pín èmi àti òun sí ojúlé kan náà, gbé kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ lé apá kan bí ẹni gbé àwo oúnjẹ, ó sì ń rìn lọ. Èmi ń làágùn. Okùn àpò ti ń gé mi léjìká. Ní ilé àkọ́kọ́, ìyá kan ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi, kò tíì dé orí ìkẹta tí ojú ẹ̀rọ náà fi ṣú. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òkú.

"Mon fils," ìyá náà wí, "ṣé kí n bá ọ wá ibi tí iná wà?"

Rachid rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Huguette kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọ̀la, kí ó tó di midi, ọ̀sán gangan, mú èyí tó lè dá dúró wá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mo máa pe ẹlòmíràn. Ìdájí ọ̀túnla là ń lọ Soubré."

Mo gba ọ̀dọ̀ Lazare kọjá. Ó gbọ́ tẹnu mi, ó mi orí. "Vieux père ló rà á. Òun ni kó dá a padà. N kò fẹ́ kó wá bá mi jà pé mo gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ òun lẹ́yìn òun."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ẹrù náà gun òkè Attécoubé. Mo ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ lẹ́nu bí mo ṣe ń gùn ún, kí wọ́n má baà sá fún mi mọ́. Bàbá jókòó sí àgbàlá pẹ̀lú àgbà méjì láti inú ẹgbẹ́ Èjìgbò, wọ́n ń mu tíì. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wò ó! Kí ni mo wí? Ó wá dúpẹ́ àná! Ó tún gbé e dání kí ẹ lè rí i!"

Dúpẹ́ àná. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́," àgbà kan wí. Èkejì na ìka kan ìdérí ẹ̀rọ náà. "Háà, ó tóbi o. Ó tó tẹlifíṣàn."

"N kò wá dúpẹ́," mo wí.

Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀.

"Kí lo wí?" Bàbá bi mí.

"Kò ṣiṣẹ́. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo bèèrè lánàá, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn! Kí àwọn èèyàn lè rí i lẹ ṣe rà á. Ẹ kò rà á fún èmi. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ dá a padà, ọ̀sán òní ni iṣẹ́ mi máa bọ́!"

Bàbá mu tíì wọn. Wọ́n rọra gbé ife sílẹ̀. "Gbé e, kó o máa lọ."

"Bàbá..."

"Mo ní kó o máa lọ."

Àgbà tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà kò wo ojú mi. Ó kàn ń bu ṣúgà sí tíì rẹ̀. "Bọ́mọdé bá dúpẹ́ oore àná," ó wí, "á rí òmíràn gbà."

Mo jáde. Mo ń sọ̀kalẹ̀, mo ń bú wọn ní Faransé, mo bú òwe wọn mọ́ wọn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, ohun tí àgbà fi ń gba ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni mo kà á sí. Mo dé ìdajì àtẹ̀gùn kí n tó dúró. Àgbà tó pa òwe yẹn kò bú mi. Ó ń sọ ohun tó yẹ kí n ṣe fún mi ni. Ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù.

Mo padà gòkè. Mo gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, àyà mi kanlẹ̀.

"Ẹ ṣeun àná, Bàbá."

"Ẹ̀n-hẹ́n," wọ́n wí. "Dìde, ọmọ mi. Kí ló ṣe é?"

"Bátìrì rẹ̀ ti kú."

"Ó kú?" Wọ́n ti ń wá bàtà. "Lazare ta òkú fún mi? Fún èmi Aboudou?"

A kò dúró kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ní Jùlá, ní Faransé, títí tí àwọn ará ìsọ̀ fi yọjú. Lazare ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá fa kọ̀ǹpútà kékeré dúdú náà yọ nínú gíláàsì fúnra wọn.

"Ọmọ mi ń lọ sí oko," wọ́n wí, tí gbogbo ayé ń gbọ́. "Ta ní ń gbé òkúta lọ sí oko? Ohun tó fúyẹ́ ló yẹ ẹ́! Ṣé o kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó o tó tà á?"

Ọ̀rọ̀ tèmi ti àná nìyẹn. Aago ti ń lọ.

Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n gbá mi léjìká. "Lọ, sáré. Lọ́la mo wà nílé láàárọ̀ o. Àwọn àgbà yẹn náà á wà níbẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ fún wọn pé n kò ní sí ní Abidjan lọ́la. N kò sọ ọ́. Mo ní ó dàbọ̀, Bàbá, mo sì fò wọ ọkọ̀ gbaka tó ń pe Bingerville.

Huguette fa wáyà kúrò, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n má pẹ́ ní ìdájí.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Yopougon. Ní Attécoubé, wọ́n ti máa to àga sí àgbàlá báyìí, wọ́n ti máa gbé omi tíì kaná, wọ́n á máa retí kí n wá dúpẹ́ àná. Kí wọ́n dúró, mo wí nínú ara mi. Kí wọ́n dúró dáadáa. Mo ṣí kọ̀ǹpútà náà lórí itan mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.