Bẹ́líìtì Ìlà Karùn-ún

Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ohun tí ọwọ́ Làmídì jórinjórin ṣe sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ Alhaja Sẹ̀kínátù, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo Nima, àdúgbò wọn ní Accra, àfi òun àti Ọlọ́run Ọba.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni nígbà tó ti òkè òkun dé, kò ní fèrèsé, kò ní ìjókòó. Làmídì ló la fèrèsé sí i lára, ló jó ìjókòó mọ́ ọn, kó lè di trotro tó ń kó èrò. Ìlà ìjókòó mẹ́rin ni inú ọkọ̀ gbà. Alhaja, tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Okaishie, ní àfi márùn-ún. Alhaja yìí ló gba Làmídì sílé lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ Accra. Ẹnu Làmídì ò gba "rárá" níwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin kankan ò sí lábẹ́ ìlà karùn-ún. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Òfin sì ní gbogbo ìjókòó gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì tó di irin mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣúráǹsì ò ní gba ọkọ̀ náà. Làmídì jó bẹ́líìtì mọ́ páànù, ó fi ọ̀dà dúdú bò ó, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá forí kanlẹ̀ lórí ìrun, páànù ló ń rí.

Ikrimah, ayẹ̀ọkọ̀wò ìṣúráǹsì, ti dé báyìí. Ó ki ẹsẹ̀ mọ́ ìjókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa bẹ́líìtì ìlà kìíní. Gbọin! Ó fa ti ìkejì. Gbọin! 

"Bọ̀dá Làmídì, iṣẹ́ yín le o, chale!" Ikrimah dúró ní ìlà kẹta, ó yọ bírò. "Ó tó. Mo ti rí i."

Alhaja, tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé mi ò wí? Làmídì Àlàó, ọmọ arọkọ́-rọ-àdá, ọmọ a-fi-iná-báni-sọ̀rọ̀! Irin gbọ́ ohùn rẹ, irin wárí!"

Oríkì náà ń gún un bí abẹ́rẹ́.

"Lọ́jọ́bọ̀," Alhaja ń bá a lọ, "èmi àtàwọn ọmọ-ọmọ mi méjì la máa jókòó sẹ́yìn lọ Kumasi. A óò sì de bẹ́líìtì, kí ìṣúráǹsì má baà pè wá ní ará oko!"

Bírò Ikrimah ti kan ìwé ìṣúráǹsì.

Làmídì wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí iná ti jó níbi mẹ́ta. Ó ní "Bísímílà" sínú. Ó gbé ọwọ́ náà lé ìwé, bírò dúró.

"Kí ló dé?" Alhaja bi í, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

Làmídì kò wò ó. Ikrimah ló wò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ti ìlà ẹ̀yìn náà."